Ìwé Akápò

Àpò oúnjẹ ẹja tún lé owó lánàá.
Mo fi rọ́bà pa iye àtijọ́ rẹ́,
mo kọ tuntun sójú kan náà.
Láti oṣù Ẹrẹ́nà ni mo ti ń pa á, tí mo ń kọ ọ́,
bébà ibẹ̀ ti fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ epìyà.
Àrọ̀ tí à ń sìn kò ní ìpẹ́ lára.
Àwa tí a ni ín la fi gbèsè ṣe ìpẹ́.

Àwa mẹ́rìnlá la gbẹ́ kòtò sẹ́yìn Kélébè,
níbi tí ilẹ̀ ti ń sun omi láìsí ẹni tó bẹ̀ ẹ́.
Àwa náà la pinnu pé a ò ní jọ kó ẹja lọ́jọ́ kan;
bí gbogbo kòtò bá gbẹ lẹ́ẹ̀kan,
àwọn alágbàtà Ìgbọ́nà á fọwọ́ lẹ́rán,
wọ́n á máa wo ike wa bí ẹni ń wo òjò.
Wọ́n mọ̀ pé àrọ̀ tó ti tó kílò kan
kì í gbààwẹ̀ de ẹni tí ń nájà:
ó ń jẹ, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi mọ́,
àpò la ń wò tó ń rù.

Nítorí náà la ṣe di oṣù sínú bébà,
a dà á sínú fìlà Bàbá Ọ̀ṣúnníyì.
Oṣù Ògún ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀,
oṣù tí àlejò ń kún Òṣogbo dé Òkèfíà,
tí ọlọ́bẹ̀ ata ń ra ẹja láìwo ìwọ̀n.
Sùbẹ́rù ló mú un, ọmọ kékeré inú wa,
ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Ọ̀wẹwẹ bọ́ sọ́wọ́ Làmídì,
ó fi bébà náà nu ọwọ́, kò wí nǹkan kan.
Èmi mú Ọ̀wàrà.

Ẹja inú odò Ọ̀ṣun ní tiwọn,
nísàlẹ̀ igbó yẹn, wọn ò jẹ báńkì ní kọ́bọ̀.
Kò sẹ́ni tí í ju àwọ̀n sí wọn;
ọmọ onílé ni wọ́n, ìyá mi ní, a kì í ta ọmọ onílé.
Ṣùgbọ́n mo ti dúró lórí afárá rí,
kí omi tó pọ́n tó báyìí,
mo ń fojú gbé wọn sórí ìwọ̀n:
eléyìí á tó kílò mẹ́ta, eléyìí á lé ní márùn-ún.
Ìyá àgbà kan tó ń pọnmi wò mí,
mo bá ń wo bàtà mi.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí àjọ̀dún pé, oorun kọ̀ mí.
Agogo méjì òru ni mo dé Kélébè.
Iná tọ́ọ̀ṣì ti ń rìn lójú omi.
Làmídì ló wà níbẹ̀, ẹrẹ̀ mù ún dé ìbàdí,
àwọn ọmọ rẹ̀ méjì ń gbé ike,
ọ̀kan ṣì wọ aṣọ iléèwé.
Ó rí mi, kò sá.
"Akápò," ó ní, "báńkì ò bá wa mú bébà nínú fìlà."
Mo fẹ́ pariwo. Mo ní ẹnu rẹ̀.
Ṣùgbọ́n àwọ̀n tèmi ti wà nínú bùútù ọkọ̀ láti ìrọ̀lẹ́,
mo ti fọ̀ ọ́, mo ti ká a.

Kílẹ̀ tó mọ́, àwa márùn-ún la wà nínú ẹrẹ̀,
kò sẹ́ni tó kí ẹnì kejì.
Nígbà tí Sùbẹ́rù gbé tirẹ̀ dé Ìgbọ́nà ní agogo mẹ́wàá,
iye ti wó débi pé kò kájú oúnjẹ tí ẹja náà jẹ.
Kò bú ẹnikẹ́ni.
Ó béèrè bóyá mo ní omi tútù.

Ìwé rèé níwájú mi.
Lójú ìlà Làmídì mo kọ kílò rẹ̀, mo kọ ìtanràn rẹ̀,
gẹ́gẹ́ bí òfin wa ti wí.
Mo sún dé ìlà tèmi.
Mo mú rọ́bà, mo gbé e sílẹ̀, mo tún mú un.